Mo fẹ́ wọ bankruptcy ní Houston: ilé mi níbí ńkọ́, ti Ìbàdàn ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, nínú ilé tí a rà ní 2016. Àìsàn dá mi jókòó lọ́dún tó kọjá, gbèsè ilé ìwòsàn àti ti kírẹ́díìtì káàdì sì wọ̀ wá lọ́rùn. A ti jẹ owó mọ́géèjì, ìyẹn owó tí a yá lọ́wọ́ báńkì láti fi ra ilé, oṣù mẹ́rin, báńkì sì ti kọ̀wé pé àwọn máa lu ilé náà ní gbàǹjo. Mo ní ilé kan n'Íbàdàn tí mo fowó ara mi kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yára yí i sórúkọ ọmọ àbúrò wa kí n tó lọ sí kóòtù fún bankruptcy, ìyẹn kí kóòtù gbà wá lọ́wọ́ gbèsè. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìwé ilé Ìbàdàn yẹn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ló lè kó yín sí wàhálà ju gbèsè lọ.

Òfin bankruptcy Amẹ́ríkà ka gbogbo ohun ìní yín, níbikíbi tó bá wà láyé. Ẹ máa búra lórí ìwé tí ẹ bá kọ wọ́n sí, ìwé náà yóò sì bi yín léèrè ohun tí ẹ tà tàbí tí ẹ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ láàárín ọdún méjì sẹ́yìn. Tí kóòtù bá rí i pé ẹ gbé dúkìá pamọ́ kí àwọn olówó, ìyẹn àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè, má baà rí i, ó lè kọ̀ láti pa gbèsè yín rẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi dúkìá pamọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura.

Ilé Houston wàyí. Òfin Texas dáàbò bo ilé tí èèyàn ń gbé gan-an: nínú ìlú, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ju éékà 10 lọ, iye yòówù kó tó, ilé ìwòsàn àti oníkáàdì kò lè gbà á. Ẹni tí kò tíì tó ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin tó ra tirẹ̀ lè rí i pé òfin fi ààlà sí iye owó ilé náà tó máa dáàbò bò. Ti yín ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báńkì mọ́géèjì kò sí lára àwọn tí òfin yìí ń dá dúró, torí ilé náà fúnra rẹ̀ ni ẹ fi dúró fún owó wọn.

Ìdí nìyẹn tí Chapter 13 (bankruptcy tí èèyàn fi ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀) fi bá yín mu ju Chapter 7 (èyí tí wọ́n ti ń ta ohun tí òfin kò dáàbò bò) lọ. Chapter 7 kàn máa dá báńkì dúró fúngbà díẹ̀ ni. Nínú Chapter 13, ẹ ó máa san mọ́géèjì oṣooṣù bó ṣe yẹ, ẹ ó sì fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún san èyí tí ẹ jẹ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ìwé yín bá ti wọ kóòtù ni gbàǹjo gbọ́dọ̀ dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń lu gbàǹjo ilé ní Texas, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ó kéré tán ọjọ́ 21. Ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ Ajé, torí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbèsè lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ti Ìbàdàn ńkọ́? Nínú Chapter 13, ẹnikẹ́ni kò ní wá tà á. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí iye tí ẹ máa san fáwọn olówó má kéré sí èyí tí wọn ìbá rí ká ní wọ́n ta gbogbo ohun tí òfin kò dáàbò bò. Nítorí náà, iye ilé náà ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ jẹ́ kí asáfeyọ̀ kan n'Íbàdàn díyelé e lórí ìwé. Bí náírà ṣe já wálẹ̀ láti 2023, iye rẹ̀ ní dọ́là lè kéré sí ohun tí ẹ ń rò. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ẹbí ni ẹ kọ́ ọ lé, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú rìsíìtì wá.

Nǹkan méjì kù. Ẹ má tíì san gbèsè ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Owó tí ẹ bá san fún mọ̀lẹ́bí láàárín ọdún kan kí ẹ tó wọ kóòtù, wọ́n lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì fa owó 401(k) yín, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́, yọ láti fi san káàdì. Ó máa ń dùn mí gan-an tí ẹni wa bá ti ná an tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, nígbà tó jẹ́ pé òfin kò ní jẹ́ kí ilé ìwòsàn tàbí oníkáàdì fọwọ́ kàn án.

Ẹ wo déètì tó wà lórí lẹ́tà báńkì yẹn lónìí, kí ẹ sì gbé e lọ bá lọ́yà tó mọ bankruptcy dunjú lọ́sẹ̀ yìí.