Wọ́n fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí wa lẹ́sẹ̀ òkè: inú mi dùn, ọkàn mi ò sì balẹ̀

Àbúrò mi, ọmọ Adó-Àwáyè tó ń tajà ní Bódìjà,

Mo ka lẹ́tà rẹ. O ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ilẹ̀ ẹbí bàbá yín lẹ́sẹ̀ òkè, kí wọ́n kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìgbafẹ́ sí i fún àwọn tó ń wá wo adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí òkè náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ti gbà. Ìyá yín tó ń dáko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ kò jẹun dáadáa mọ́. Ìwọ fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ríṣẹ́, o sì nílò owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ, àmọ́ bí o bá rántí òkè yẹn, ẹkún ló ń gbọ̀n ọ́. O wá bi mí bóyá ojúkòkòrò ló ń dà ọ́ láàmú.

Rárá o. Ta ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn lónìí tí yóò gbọ́ owó ilẹ̀ tí kò ní yíjú? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú ọ. Má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ pe ẹkún rẹ ní àìlajú, nítorí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù wà lóòótọ́.

Ìwọ náà mọ Àgódì, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà n'Ìbàdàn. 1967 ni wọ́n dá ọgbà yẹn sílẹ̀, omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní 1980, ó sì di 2014 kí wọ́n tó tún un ṣí. Inú mi dùn gan-an sí àtúnṣe yẹn. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ti ìjọba sì ni Àgódì. Bí aládàáni bá wá gba ẹsẹ̀ òkè yín ńkọ́? Kí ni yóò dá a dúró kó má máa gbowó lọ́wọ́ ọmọ Adó kó tó gun àtẹ̀gùn ìlú bàbá rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ má tà á pa. Ẹ fi yá wọn fún iye ọdún tí ẹ jọ fohùn sí, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti ọdún kan, owó ilẹ̀ títà sì máa ń tán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ti dára, àwọn tó ń wá ilẹ̀ yóò ṣì máa dé. Kí lẹ ń kánjú sí?

O ní obìnrin ni ọ́, o ò lẹ́nu níbẹ̀. Ta ló sọ fún ọ? Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan kò lè ta ilẹ̀ ẹbí, bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí pàápàá bá dá a tà láìfi tó àwọn olórí ẹ̀ka ẹbí létí, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 náà sì béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ó dá lórí irú ilẹ̀ tó jẹ́.

Ti ìyá yín ló dùn mí jù. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má bi í ní ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló gbin ẹ̀gẹ́ yẹn. Kí wọ́n san owó ohun ọ̀gbìn rẹ̀ lé e lọ́wọ́, lọ́tọ̀, kí ẹ sì fún un ní oko mìíràn kí wọ́n tó kó katakata débẹ̀. Lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí o jókòó tì í, kí o bi í ní ohun tó fẹ́. Ó jọ pé kò tíì sẹ́ni tó bi í.

Lẹ́yìn náà, pe ìpàdé ẹbí, kí ẹ sì mú lọ́yà tiyín dání, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ béèrè iye kànga ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, kí kànga àwọn ará àdúgbò má baà gbẹ lọ́gbẹlẹ̀. Kí ó wà nínú ìwé pé ọmọ ìlú yóò máa gun òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ.