Wọ́n ní ọmọ mi máa gba mílíọ̀nù 4 dọ́là ní NFL, ṣé gbogbo ẹ̀ ló máa dé ọwọ́ ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Houston la wà. Ọmọ mi ọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láti high school, ọdún kẹta ẹ̀ rèé ní yunifásítì. Ẹ́jẹ́ǹtì kan wá ń pè é pé kó má dúró gba digírì mọ́, kó wọ draft lọ́dún tó ń bọ̀, níbi tí àwọn tíìmù NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti máa ń mú ọmọ tuntun láti yunifásítì, pé ó kéré tán ó máa gba mílíọ̀nù 4 dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Bàbá ẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ n'Íbàdàn. Èmi ò lóye owó yẹn rárá. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o. Akáǹtáǹtì ni mí, àwọn eléré ìdárayá ni mo ń bá ṣe owó orí, irú ìbéèrè yín yìí sì ń jẹ mí lọ́kàn gan-an torí òbí wa tó pọ̀ ni wọ́n ń fi mílíọ̀nù rú lójú.

Mílíọ̀nù 4 yẹn, owó tó LÈ wọlé ni. Ìpele 7 ni draft ní, ọmọ tí wọ́n bá mú ní ìpele kìíní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó ẹ̀ ló dájú, bí wọ́n lé e bí wọn ò lé e wọ́n máa san án. Ṣùgbọ́n ọmọ ìpele keje, owó tó dájú fún un ò ju bọ́nọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un nígbà tó fọwọ́ síwèé lọ, ìyẹn sì máa ń wà ní nǹkan bíi 100,000 dọ́là. Ìyókù, owó oṣù ni, tó bá wà níbẹ̀ ló máa gbà á.

Lọ́dún 2025, owó tó kéré jù fún ọmọ tuntun tó wọ tíìmù jẹ́ 840,000 dọ́là lọ́dún. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 18 tí sísìn fi ń lọ, ó jẹ́ bíi 47,000 lọ́sẹ̀ kí owó orí tó kàn án. Àmọ́ àwọn tó máa ń wà ní kámpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó 90, tó bá di ìparí oṣù kẹjọ 53 ni tíìmù máa mú, tí wọ́n bá yọ ọmọ yín lọ́jọ́ yẹn, kọ́bọ̀ kan nínú 840,000 yẹn ò ní kàn án. Wọ́n lè mú un sí practice squad, àwọn 16 tó máa ń bá wọn ṣe ìdánrawò, 13,000 dọ́là lọ́sẹ̀ lọ́dún 2025, owó gidi ni o, àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè ní kó máa lọ.

Àwọn tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni. Folorunso Fatukasi, ẹ̀yin náà gbọ́ orúkọ, tíìmù Jets mú un ní ìpele kẹfà lọ́dún 2018, nígbà tó di 2022 tíìmù Jaguars fún un ní kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 30 dọ́là, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Mílíọ̀nù 20 ló dájú nínú ẹ̀. Oṣù kẹta 2024 wọ́n yọ ọ́, nígbà tó ku ọdún kan nínú kọ́ńtíráàtì náà. Mílíọ̀nù 20 yẹn ni kọ́ńtíráàtì ẹ̀ gan-an lójú tèmi.

Ẹ tún wá wo ọ̀rọ̀ ara o. BJ Ojulari, tíìmù Cardinals mú un ní ìpele kejì lọ́dún 2023, kámpù ọdún kejì ló ti ṣèṣe ní orúnkún, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní gbogbo sísìn 2024. Ọmọ ìpele kejì ni, bọ́nọ́ọ̀sì ẹ̀ wúwo. Tó bá jẹ́ ọmọ ìpele keje ńkọ́?

Owó ńlá gidi, kọ́ńtíráàtì kejì ló wà. Brock Purdy ni ẹni 262 tí wọ́n mú gbẹ̀yìn pátápátá lọ́dún 2022, ó gbé tíìmù 49ers dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL, tí owó ẹ̀ lọ́dún ò sì tó mílíọ̀nù kan, torí òfin ni pé ọmọ tí wọ́n bá mú ní draft ò lè dúnàá dúrà tuntun àfi tó bá ti gbá sísìn mẹ́ta. Ọdún 2025 ló wá fọwọ́ sí mílíọ̀nù 265. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ló ń sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ju bí ọdún 3.3 lọ fún ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ni pé kí kọ́ńtíráàtì kejì tó dé, ọ̀pọ̀ ti kúrò.

Nínú èyí tó bá wá wọlé, ìjọba àpapọ̀ lè mú tó 37% lórí apá òkè owó ẹ̀, Texas ò gba owó orí tiwọn, àmọ́ tí ẹ bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ní California, California máa gba ti ọjọ́ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ́jẹ́ǹtì náà lè gba tó 3% nínú kọ́ńtíráàtì. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí ìdajì àti díẹ̀ lé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Kí ọmọ bá kóòṣì ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá a béèrè lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ NFL tó máa ń yẹ àwọn ọmọ yunifásítì wò, wọ́n á sọ bóyá ìpele kìíní ni wọ́n rò pé ó máa bọ́ sí, tàbí ìkejì, tàbí kó padà sílé ìwé. Tí wọ́n bá ní kó padà, kó padà, ẹ jọ̀ọ́. Láti oṣù keje 2025 yunifásítì fúnra wọn ti lè máa san owó fáwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, torí náà ebi ò ní pa á níbẹ̀, digírì ẹ̀ á sì parí.

Ilé Ìbàdàn, kí Dádì ní sùúrù. Tó bá wọlé, kó kọ́kọ́ pé sísìn mẹ́ta, tó bá ti wà nínú tíìmù fún eré bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ́dún kan wọ́n á ka ọdún yẹn fún un, tí irú ọdún bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́ta ó ti ní pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n á sì bójú tó ìlera ẹ̀ fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó bá kúrò.

Ẹ́jẹ́ǹtì yẹn, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: ìpele wo ló rò pé wọ́n máa mú ọmọ yín, kí ló fi rò bẹ́ẹ̀, èló ló dájú níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, NFLPA, forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Kí ìdáhùn ìgbìmọ̀ yẹn tó dé, kí ọmọ má fọwọ́ síwèé kankan pẹ̀lú ẹ̀, torí tó bá fọwọ́ sí i, ó lè má láǹfààní láti padà gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì mọ́.