Bọ́ọ̀sì mi ń gbóná tó bá ti dúró

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Toyota Hiace àtijọ́, oní-dísẹ́ẹ̀lì, ni mo fi ń kó èrò láti Akúrẹ́ lọ sí Ìdànrè. Tí mo bá ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọjà Ọba, abẹ́rẹ́ ooru á gòkè. Tí mo bá jáde síbi tí ọ̀nà ti já geere, á tún wálẹ̀. Mo ti fọ rédíétọ̀. Wọ́n ti yọ tẹmósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, dànù. Kò gbọ́. Mẹkáníìkì mi ní fáànù kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó so fáànù mọ́ ẹ́ńjìnnì, ló kú, pé kí n jẹ́ kí wẹ́dà jó o pọ̀ kí n má bàa náwó. Ṣé kí n gbà? (Awakọ̀ kan, Òkè-Àró, Akúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, mẹkáníìkì rẹ mọ àìsàn náà, oògùn tó fẹ́ lò ni kò dáa. Má jẹ́ kí iná wẹ́dà kan fáànù yẹn.

Ọkọ̀ tó ń gbóná lórí ìdúró tó sì ń tutù lórí ìrìn, afẹ́fẹ́ ló ń wá. Bó bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó máa fẹ́ ẹ. Ká ní ìgbà tó ń sáré tàbí tó ń gun òkè ló ń gbóná ni, rédíétọ̀ tó dí ni ǹ bá kọ́kọ́ fura sí.

Nínú kílọ́ọ̀ṣì yẹn, òróró sílíkónì kan wà tó ki bí oyin. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó ká bí ìgbín ló wà lójú rẹ̀, irin oríṣi méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe é. Tí ooru rédíétọ̀ bá kàn án, á yí, á ṣílẹ̀kùn fún òróró, òróró á sì di fáànù mú kó máa bá ẹ́ńjìnnì yí. Tó bá tutù, á tú u sílẹ̀. Bí òróró bá ti jò tán, fáànù á kàn máa ṣeré ni.

Nítorí náà, kó o tó náwó, pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó tutù, kó o fi ọwọ́ yí fáànù. Ó yẹ kó le díẹ̀. Bó bá ń yí lọ ràì láìdúró, ó ti kú nìyẹn. Wo ara rẹ̀ pẹ̀lú: ipa òróró tí eruku lẹ̀ mọ́ ni ẹ̀rí. Kó o tún mú etí fáànù méjèèjì, kó o mì ín síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì, béárìn ti lọ.

Ní ti wẹ́dà: fáànù tí wọ́n bá jó pọ̀ kò ní sinmi mọ́. Á máa hó bí ọkọ̀ òfúrufú, á máa jẹ dísẹ́ẹ̀lì, á sì máa fa wọ́tà pọ́ǹpù títí béárìn tirẹ̀ náà á fi lọ. Owó tó o rò pé o kó pa mọ́ dà?

Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le. Yọ orí bátìrì, gbé àga iwájú sókè. Lára Hiace, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dì í mọ́ wọ́tà pọ́ǹpù. Sípánà 10 tàbí 12, èyí tó bá mu ú. Dẹ nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó o tó dẹ fáànù bẹ́líìtì, torí bẹ́líìtì ló máa bá ọ di púlì mú. (Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo wà lẹ́yìn fáànù rẹ̀ ni, ṣọ́ra: òdì ni wọ́n ń yí ọ̀pọ̀ irú wọn tú. Bó o bá fi agbára tú u bí a ṣe ń tú tàwọn yòókù, ṣe lò ń dì í le sí i.)

Kó o tó yọ ọ́ jáde, ki páálí bọ àárín fáànù àti rédíétọ̀. Páálí nudùlù tó. Lọ́dún 1996, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù nílùú Oǹdó, ojú ń kán mi, mi ò lo páálí. Fáànù yọ́ lọ́wọ́ mi, etí rẹ̀ gún rédíétọ̀ ọkọ̀ oníkòkó kan, omi gbígbóná sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi san gbèsè rẹ̀. Títí dòní, mi ò tíì fọwọ́ kan fáànù láìsí páálí.

Tó o bá tú fáànù kúrò lára kílọ́ọ̀ṣì, sàmì sí ojú tó kọ sí iwájú, torí bó o bá dì í pa dà lódì, agbára rẹ̀ á dín kù. Wò ó bóyá ó ti sán níbì kan. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun náà, má dà á dojú délẹ̀. Gbé e dúró bó ṣe máa dúró lára ẹ́ńjìnnì, kí òróró má bàa ṣí kúrò níbi tó yẹ kó wà. Tọ́kúnbọ̀ lo fẹ́ rà? Yí i lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kó o tó sanwó. Ike tó yí fáànù ká, dá a pa dà. Àìmọye bọ́ọ̀sì ni mo ń rí tí kò ní in mọ́, fáànù wọn kàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dànù.

Tẹmósítáàtì tí wọ́n yọ yẹn, ra òmíràn fi sí i. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì rẹ á tutù jù lójú ọ̀nà Ìdànrè láàárọ̀, á máa jẹ epo, ara rẹ̀ á sì máa tètè jẹ.

Tó o bá sì ṣáná láàárọ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì tuntun hó gùù fún bí ìṣẹ́jú kan, má sáré gbé e pa dà lọ bá ẹni tó tà á fún ọ. Òróró tó sùn mọ́jú ló ń pa dà sí àyè rẹ̀.