Ìbéèrè Òǹkàwé: Ta Ló Lè “Divulge” Nǹkan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nínú ìròyìn tí mo kọ fún ọ̀gá mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ ọ́ pé “The test divulged a fault in the engine”, láti sọ pé àyẹ̀wò fi àbùkù ara ẹ́ńjìnnì hàn. Ọ̀gá mi fa igi lé “divulge”, ó sì fi “reveal” rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí i pé ọ̀kan ni wọ́n fi túmọ̀ èkejì. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀gá yín jàre. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì sún mọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n olùwà tí ẹ fún “divulge” kò bá a mu. Ẹni tí yóò “divulge” nǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ nǹkan náà, tó sì wà níkàáwọ́ rẹ̀ láti sọ ọ́ tàbí kí ó pa á mọ́ sínú. Àyẹ̀wò kò ní inú tí yóò fi pa ọ̀rọ̀ mọ́. Bákan náà, ohun tí a bá “divulge” gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè fẹnu sọ tàbí kí a kọ sílẹ̀, bí orúkọ, iye owó, tàbí ètò tí a ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Bí aṣọ bá ká kúrò lára ènìyàn tí àpá rẹ̀ sì hàn, “reveal” ni.

Orírun wọn ló jẹ́ kí èyí yé mi jùlọ. Inú èdè Látìn ni méjèèjì ti wá. “Velum”, ìyẹn ìbòjú, ló wà nínú “reveal”, ohunkóhun ló sì lè ká ìbòjú kúrò, ìbáà ṣe ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ tàbí àyẹ̀wò. “Vulgus”, ìyẹn àwọn gbáàtúù, ló wà nínú “divulge”: kí a mú ọ̀rọ̀ lọ bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó lè túmọ̀ sí kí a kàn kéde nǹkan ní gbangba, ṣùgbọ́n lónìí, a kì í lò ó àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ohun tí a ti ń pa mọ́ tẹ́lẹ̀. “Vulgar” jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, àmọ́ kò sí ìwà àìmọ́ kankan nínú “divulge”.

Ní ti gírámà, ohun tí a sọ ni ó máa ń tẹ̀ lé e ní tààrà: “She divulged the plan to her brother.” Ẹ má ṣe kọ “divulged her brother the plan”, ẹ má sì fi “about” sí i. Ẹ ó máa bá a pàdé gan-an lẹ́yìn “refused to”, torí pé ẹni tó ní ohun tó ń pa mọ́ sábà máa ń kọ̀ láti sọ ọ́.

Ibi tí mo rò pé ó ṣòro jùlọ ni bí a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. “Tú àṣírí” ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, ó sì bá a mu bí òṣìṣẹ́ kan bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ han ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ẹni tí àṣírí rẹ̀ tú lójú wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ìtìjú, ìwúwo bẹ́ẹ̀ sì sún mọ́ “expose” ju “divulge” lọ. Bí olùdarí kan kò bá fẹ́ sọ iye tí wọ́n ra ilẹ̀, èmi yóò kọ ọ́ pé “ó kọ̀ láti sọ iye náà síta”, torí pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú iye owó. Bí ó bá sì jẹ́ pé òfin tàbí àdéhùn ló ní kí ènìyàn sọ ọ́, bí iye owó tó ń wọlé fún un, “disclose” ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò jù.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lo “divulge” nínú ìròyìn yín, ẹ wá ènìyàn tí yóò ṣe é: “The engineer would not divulge what the test had revealed.” Àyẹ̀wò fi àbùkù hàn, ẹnjiníà sì kọ̀ láti sọ ọ́ síta.