Wọ́n ní ká wá sọ ti ilé wa fún tíṣà ọmọ: ṣé kí n lọ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Leeds la wà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, ló wà kó tó wá bá wa lọ́dún tó kọjá. Tíṣà rẹ̀ ní kì í wojú òun bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń bi mí bóyá nǹkan kan ń dẹ́rù bà á nílé. Ní báyìí wọ́n ti kọ lẹ́tà pé kí tọkọtaya wá, àwọn fẹ́ mọ̀ wá dáadáa, kí n sì wá sọ̀rọ̀ ìlú wa fún kíláàsì rẹ̀. Bàbá ọmọ ní pańpẹ́ ni. Ṣé kí n lọ? Kí ni kí n sọ, kí sì ni kí n fi pamọ́?
Ìyá Ayọ̀

Ìyá Ayọ̀, àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n lo pè mí, torí náà “o” ni màá máa fi bá ọ sọ̀rọ̀. Òṣogbo gan-an ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Mo gba ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́ ní Manchester láti wá wo ìyá mi, ó sì bọ́ sí àsìkò ọdún Ọ̀ṣun. Àná ni Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ lọ sódò Ọ̀ṣun, kọjá.

Lọ o. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Sọ fún tíṣà pé ní Òkè-Fìà, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń bá a wí, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ gbá àwọn létí ni. Kò mọ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá gbójú sílẹ̀ ló ń parọ́, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ń lù ú nílé. Gbogbo ilé ìwé ní England ló ní ẹnì kan tí wọ́n yàn fún ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ. Ohunkóhun tó bá kọ tíṣà lóminú, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ, láti ibẹ̀ ó lè dé káńsù. Tíṣà tó pè yín kó tó lọ bá ẹni yẹn, ire ló ṣe fún yín. Èmi ò rí irú ẹ̀.

Ọdún 2013 ni. Àkọ́bí mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́ là ń pè é nílé, pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. A wálé fún ọdún Ọ̀ṣun, àbúrò mi ọkùnrin sì gbé e sí èjìká lẹ́bàá ọ̀nà kó lè rí Arugbá bó ṣe ń ru igbá bọ̀ láti ààfin Àtáọ́ja, aṣọ bò ó lórí, èrò yí i ká. Ó da ìbéèrè bo ìyá mi. Ìyá mi ní Arugbá kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kọ. Àbúrò mi, ẹlẹ́fẹ̀ tí kò mọ ìgbà, ní, “Ìwọ ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

A padà. Tíṣà ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ṣe nígbà ìsinmi. Àbẹ̀kẹ́ ya odò, ó fi kíréyọ́nù búráùn kùn ún, nítorí bí omi Ọ̀ṣun ṣe rí nígbà òjò nìyẹn. Ó ya ọmọbìnrin kan tó ru igbá ńlá, kò ya ẹnu sí i. Wọ́n ní kí lèyí. Ó ní ẹbọ ni, wọ́n ń gbé e lọ sódò, ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bó bá ṣubú nǹkan burúkú á ṣẹlẹ̀, àti pé àbúrò màmá òun ti ní òun ló kàn.

Ìwọ náà fi ojú tíṣà wò ó. Láti 2001 tí wọ́n ti rí òkú ọmọkùnrin dúdú kan nínú odò Thames, tí ọlọ́pàá sì tọpa rẹ̀ dé Nàìjíríà, “ẹbọ” àti “ọmọ” kò ṣeé pè pọ̀ mọ́ níwájú wọn.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn Social, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ààbò ọmọ, wá, obìnrin méjì. Ọ̀kan bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo ní kó bọ́ ọ. Mo ṣì máa ń rántí ìyẹn. Wọ́n ti fi àwòrán yẹn sínú ọ̀rá. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n ní kí n ṣàlàyé.

Èmi tí mo ti ń sáré tẹ̀lé Arugbá láti kékeré, mo ní a ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo ní onígbàgbọ́ ni wá, àwọn kan tí ojú wọn kò là ló ń ṣe é, a kì í lọ síbẹ̀, inú fíìmù lọmọ yẹn ti rí i. Àbẹ̀kẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, “Mummy, ṣebí a lọ.” Mo fi ojú bá a wí. O mọ ojú tí mò ń sọ. Ó panu mọ́. Obìnrin tó bọ́ bàtà rí ojú yẹn, ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n tún wá. Wọ́n dá Àbẹ̀kẹ́ pè sọ̀rọ̀ nílé ìwé. Nígbà tó yá lẹ́tà dé pé ó ti parí.

Kí ẹnikẹ́ni má dá mi lẹ́jọ́. Ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́wọ́ Home Office nígbà náà. Irọ́ kọ́ sì ni pé onígbàgbọ́ ni wá. Ìyá mi gan-an, ẹgbẹ́ àdúrà ló ń lọ tí Arugbá bá ti kọjá tán. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bí sí Òṣogbo tí kì í jáde wò ó? Ohun tó ń dùn mí ni pé ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gbà. Igbó Ọ̀ṣun ti wà nínú ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO láti 2005. Òyìnbó ọmọ Austria, Susanne Wenger tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ibẹ̀ ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ère sí títí ó fi kú ní 2009. Òyìnbó wo ni wọ́n tún fẹ́ kí n mú wá jẹ́rìí?

Torí náà, tó o bá dé iwájú kíláàsì yẹn, má gbé jọ̀lọ́ọ̀fù nìkan lọ. Wọ́n fẹ́ràn ká wá jó ká pín oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ wá. Mú àdìrẹ dání, ìlú aró la ti wá, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀, kí Ayọ̀ sì rí i pé ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè èdè àkọ́kọ́ ọmọ, kọ Yorùbá. English ni mo kọ fún àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má kó wọn mọ́ olódo; kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá ọmọ bá fẹ́ fi Yorùbá sọ tiẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀, ẹ má fi Ayọ̀ ṣe é. Bẹ́ ẹ bá sì ń nà án, ẹ ṣíwọ́: Scotland ti fòfin dè é pátápátá ní 2020, Wales ní 2022. England ṣì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, ẹ má lọ jókòó sínú àlàfo yẹn.

Ohun tó o máa fi pamọ́? Èmi kọ́ ló yẹ kó o bi.

Lẹ́yìn ọdún yẹn Àbẹ̀kẹ́ ò bi mí ní ìbéèrè kan mọ́ nípa Òṣogbo. Tí ìyá mi bá pè, á ní òun ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá, kódà láàárín ìsinmi. Nígbà tí wọ́n ṣe ọjọ́ àṣà nílé ìwé gíga, jíǹsì ló wọ̀ lọ. Lọ́dún yìí mo ní kó jẹ́ kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un ká jọ wá. Kò gbójú sókè lórí fóònù ẹ̀. Ó ní, “Ṣebí a kì í lọ síbẹ̀.”

Lánàá, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èrò ń kọjá, ìyá mi na ọrùn bojú wo ẹ̀yìn mi bíi pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀. Wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́?” Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráàyè.