Ìjì ká páànù, ìnṣọ́ránsì ní ó ti gbó tẹ́lẹ̀: ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tí ẹ béèrè lórí ilé ìyá yín ní Ìsọ́kún, Iléṣà, ẹ kú ewu ìjì. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ẹ ní ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti kọ̀wé pé páànù náà ti gbó kí ìjì tó dé, pé àwọn kì í sanwó lórí ohun tó bá gbó, àti pé kápẹ́ńtà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ti kápẹ́ńtà yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó ṣe sùúrù díẹ̀ ná, kó má baà kó ẹ̀rí dànù.

Irú lẹ́tà yẹn gan-an ni wọ́n kọ sí wa nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣí apá kan òrùlé ilé wa ní Parakin. Wọ́n padà san án. Ẹ̀rí ló mú wọn san án, a ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kan ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dá lé: ibo ni omi gbà wọlé? Ìwé ìnṣọ́ránsì tí ọ̀pọ̀ onílé ń rà níbí ni èyí tí wọ́n ń pè ní fire and special perils, ìyẹn iná àti àwọn ewu mìíràn tí wọ́n bá dárúkọ. Tí ìjì bá wà lára àwọn ewu tí wọ́n kọ sí apá special perils, ìjì wà níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí òjò bá kàn ń gba ojú ìṣó tó ti ń jò láti èṣí wọlé, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí òrùlé tàbí kó fọ́ fèrèsé, kí omi wá gba ibẹ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí loss adjuster, ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ohun tó bàjẹ́ wò, ò fi fi bẹ́ẹ̀ wo síìlìn tó wó lulẹ̀ nílé wa. Orí páànù àti ìṣó ló dojú kọ, ó ń wá ibi tó ti dógùn-ún.

A ti kó gbogbo páànù tí ìjì ya jọ sẹ́yìn ilé, a ò jẹ́ kí àwọn tó ń ra àlòkù irin fọwọ́ kàn án. Kápẹ́ńtà àgbà kan ládùúgbò ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń wò ó. Páànù tí afẹ́fẹ́ fà ya, ojú ìṣó rẹ̀ á ya gbọọrọ sápá kan, etí ibi tó ya á sì máa dán nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ni. Èyí tó gbó fúnra rẹ̀, á ti jẹrà yí ìṣó ká, etí rẹ̀ á ti pọ́n. Mo fi han adjuster náà lójúkojú, ó sì yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà, a rí fọ́tò ìkómọ kan tí ẹbí yà níwájú ilé, tí òrùlé hàn kedere lẹ́yìn wọn, tí déètì rẹ̀ sì wà nínú fóònù. Fọ́tò ìkómọ yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo lẹ́tà tí a kọ lọ. Ẹ tú fóònù gbogbo ọmọ ìyá yín wò, pàápàá fọ́tò ìgbà Ìwúde àti Kérésìmesì tí gbogbo yín máa ń wálé.

Ẹ tún ya fọ́tò ilé àwọn aládùúgbò tí ìjì kan náà bà jẹ́, àti igi tàbí òpó iná tó bá wó. Bí páànù tuntun ti ilé kejì bá lọ pẹ̀lú tiyín, ó máa ṣòro fún wọn láti sọ pé gbígbó nìkan ló fà á. NiMet, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní ibùdó kan ní Òṣogbo. Ẹ kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ má tìtorí ẹ̀rí fi ilé sílẹ̀ sínú òjò o. Ojúṣe onílé ni láti rí i pé àdánù ò pọ̀ sí i. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi tàpólì bò ó, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì fi owó náà kún ohun tí ẹ ń béèrè.

Ibi tó ń dun èèyàn jù ṣì wà níwájú. Ẹ wá average nínú ìwé yín, ìyẹn abala tó ń dín owó tí wọ́n máa san kù tí iye tí ẹ kọ sínú ìwé bá kéré sí iye ilé. Ká ní mílíọ̀nù 40 náírà ló máa náni láti tún ilé yẹn kọ́ lónìí, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 10 tí màmá kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n ṣì ń sanwó lé lórí lọ́dọọdún. Ìdá kan nínú mẹ́rin ilé ni wọ́n dáàbò bò yẹn. Ìjì bá wá ba nǹkan mílíọ̀nù 4 jẹ́. Èèyàn á rò pé 4 kò kúkú tó 10, wọ́n máa san án pé. Rárá o. Mílíọ̀nù 1 ni wọ́n máa san, wọ́n á sì tún yọ excess, ìyẹn iye tí onílé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara mọ́, kúrò nínú rẹ̀. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, páànù, símẹ́ńtì àti irin ti wọ́n gógó, iye tó wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ onílé ò sì yí padà. Inú mi kì í dùn rárá pé àwọn tó ń ta ìwé yìí fún àwọn ìyá wa kì í jókòó ṣàlàyé èyí fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ìṣirò wọn wò dáadáa. Ní tiwa, wọ́n ti da iye ilẹ̀ pọ̀ mọ́ iye ilé, ìyẹn sì jẹ́ kó dà bíi pé owó tí a kọ sínú ìwé kéré gan-an. Ìjì kì í gbé ilẹ̀ lọ. Quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò owó ilé kíkọ́, tí a pè ló ṣírò iye àtikọ́ ilé nìkan, ohun tó kàn wá sì gbé pẹ́ẹ́lí sí i.

Àbúrò yín tó wà ní Florida, tó ní kí ẹ béèrè nípa hurricane deductible: tiwọn yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, onílé ló máa ń fara mọ́ ìdá 2, 5 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n dáàbò bo ilé fún, kí ìnṣọ́ránsì tó san ìyókù, omíyalé sì nílò ìwé mìíràn lọ́tọ̀. Níbí, iye excess tó wà nínú ìwé yín ni kí ẹ wò.

Tí wọ́n bá wá fún yín ní discharge voucher, ẹ má kánjú bọwọ́ lù ú. Ohun tó ń sọ ni pé owó yẹn ti parí ọ̀rọ̀, ó sì ṣòro láti padà béèrè ìyókù lẹ́yìn rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí tiwa kéré o; a dá a padà pẹ̀lú lẹ́tà àti ìṣirò surveyor.

Ní báyìí, ẹ kọ̀wé sí wọn pé ẹ ò gbà, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìròyìn adjuster, kí wọ́n sì tọ́ka sí abala ìwé tí wọ́n fi kọ̀. Ẹ so rìsíìtì owó ìnṣọ́ránsì tí ẹ san kẹ́yìn mọ́ ọn, nítorí pé láìsanwó, kò sí ààbò. Bí wọn ò bá dáhùn dáadáa, ẹ kó gbogbo ìwé náà lọ sọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn. Wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn. Tí ẹ bá rí abala tí wọ́n tọ́ka sí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìwé tiwa ṣì wà lọ́wọ́ mi, màá gbé méjèèjì síra wọn kà á pẹ̀lú yín.