Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí Nọ́ńbà Púpọ̀ Bá Wọ Dátábéèsì Pẹ̀lú Kọ́mà Láàárín Wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú. Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Iléṣà, dátábéèsì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí) MySQL 8.0 sì ni a ń lò. Mo kọ stored procedure kan (àkójọ àṣẹ tí a fi pamọ́ sínú dátábéèsì) tí yóò máa gba nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí akọ̀wé bá yàn, tí yóò sì mú àkọsílẹ̀ owó wọn jáde. Nígbà tí mo bá fi '101,205,318' ránṣẹ́ sí i, ọmọ ẹgbẹ́ 101 nìkan ni ó ń jáde, kò sì sí àṣìṣe kankan tí ó hàn. Ohun tí mo kọ ni WHERE nomba IN (p_awon); p_awon ni orúkọ ohun tí ń gba àwọn nọ́ńbà náà wọlé. Kí ni mo ṣe tí kò tọ̀nà? Òǹkàwé yín, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Àṣẹ IN ń retí iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni p_awon, bí ó ti wù kí kọ́mà inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹrù tí a dì ni dátábéèsì rí, kì í sì í tú u wò. Nígbà tí ó wá di pé kí ó fi ọ̀rọ̀ náà wé kọ́lọ̀mù tí ó jẹ́ nọ́ńbà, MySQL gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ náà di nọ́ńbà: ó ka 101, ó kan kọ́mà, ó sì dúró níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 205 àti 318 kò fi jáde. SQL Server, dátábéèsì ilé-iṣẹ́ Microsoft, ní tirẹ̀ yóò kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di nọ́ńbà, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí pé nínú ìwé owó, èsì tí kò pé ṣùgbọ́n tí ó jọ èyí tí ó pé léwu ju kí èsì má jáde rárá.

Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara àṣẹ, kí ẹ sì fi PREPARE àti EXECUTE ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ síbẹ̀ ni yóò di apá kan àṣẹ, débi pé ẹni tí ó bá tẹ 0) OR (1=1 yóò rí àkọsílẹ̀ owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Owó olówó ni ẹ ń ṣọ́. FIND_IN_SET(nomba, p_awon), tí ń wá nọ́ńbà kan láàárín àwọn tí kọ́mà pín, kò ní ewu yìí, yóò sì mú èsì tí ó tọ́ jáde, ṣùgbọ́n kì í lo index (atọ́ka tí ń mú kí wíwá yá), nítorí náà gbogbo ìlà tábìlì ni yóò yẹ̀ wò. Bí akọ̀wé bá sì fi àlàfo sí ẹ̀yìn kọ́mà, nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e kò ní bá ohunkóhun mu mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí procedure náà gba JSON (ọ̀nà ìkọ̀wé tí ń to iye sínú àmì [ ]), kí ó sì tú u sí ìlà ìlà kí ó tó fi wá ohunkóhun:

CREATE PROCEDURE wa_omo_egbe(IN p_awon JSON)
SELECT o.* FROM omo_egbe o
JOIN JSON_TABLE(p_awon, '$[*]' COLUMNS (nomba INT PATH '$')) j
ON j.nomba = o.nomba;

Ẹ ó máa pè é báyìí: CALL wa_omo_egbe('[101,205,318]'). Bí nọ́ńbà yín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, bíi 0101, JSON kò ní gbà á gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà. Ẹ fi àmì àyọlò ká a, kí ẹ sì lo CHAR (irú ọ̀rọ̀) tí ẹ sọ gígùn rẹ̀, bíi CHAR(10), dípò INT (irú nọ́ńbà). Àǹfààní mìíràn ni pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ VARCHAR(255), àyè ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju àmì 255 lọ. Níbi tí strict mode (ètò tí ń mú kí MySQL kọ ohun tí kò bá àyè mu) kò bá sí, ohun tí ó bá ju àyè náà lọ ni MySQL yóò gé kúrò, tí nọ́ńbà ìkẹyìn bá sì jẹ́ 1048, ó lè di 104, kí ó sì mú owó ẹlòmíràn jáde.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Lagere, ní Ilé-Ifẹ̀. Nínú tábìlì oògùn wa, kọ́lọ̀mù kan ni a kó nọ́ńbà gbogbo àwọn tí ń kó ọjà wá sí, bíi 12,45,112. Bí a bá fi LIKE '%12%' wá ẹni kejìlá, ti ẹni 112 náà ń jáde. Ǹjẹ́ àtúnṣe wà?

ÌDÁHÙN: Àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára LIKE. Ní ọdún 1970 ni Edgar F. Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ti là á sílẹ̀ nínú ìwé tí a gbé dátábéèsì alátábìlì kalẹ̀ lé lórí pé kí iye kan ṣoṣo máa wà lójú kan. Ẹ ṣe tábìlì tuntun tí ó ní kọ́lọ̀mù méjì, nọ́ńbà oògùn àti nọ́ńbà ẹni tí ó kó o wá, kí ẹ sì fi méjèèjì pọ̀ ṣe primary key (àmì ìdánimọ̀ ìlà, tí kò gbọdọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì). Oògùn tí ẹni mẹ́ta ń kó wá yóò ní ìlà mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá fi foreign key so ó mọ́ tábìlì àwọn tí ń kó ọjà wá, dátábéèsì fúnra rẹ̀ lè kọ̀ láti gba nọ́ńbà ẹni tí kò sí, èyí tí kò lè ṣe fún ọ̀rọ̀ tí ó kún fún kọ́mà láé. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rí wọn lójú ìlà kan lórí ìwé tí ẹ ń tẹ̀ jáde, GROUP_CONCAT ti MySQL yóò so wọ́n pọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n 1024 ni òdiwọ̀n gígùn rẹ̀ bí ẹ kò bá fi group_concat_max_len yí i padà, ó sì máa ń gé èyí tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ dànù.

ÌBÉÈRÈ: SQL Server ni tiwa. Wọ́n ní STRING_SPLIT, tí ń tú ọ̀rọ̀ oníkọ́mà sí ìlà ìlà, wà, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

ÌDÁHÙN: Ẹ wo compatibility level dátábéèsì yín (nọ́ńbà tí ń sọ ẹ̀yà SQL Server tí ó ń hùwà bíi rẹ̀), bí kò bá tó 130, STRING_SPLIT kò ní ṣiṣẹ́, kódà bí ẹ bá ń lo SQL Server 2016, níbi tí ó ti kọ́kọ́ jáde. Bí ẹ kò bá lè gbé e sókè, ẹ lo table-valued parameter (èyí tí ń gba odidi tábìlì wọlé), tí ó ti wà láti SQL Server 2008. Òun ni èmi yóò tilẹ̀ yàn bí nọ́ńbà bá pọ̀, nítorí pé ìlà ìlà ni wọ́n ti ń wọlé, kò sí kọ́mà tí ẹnikẹ́ni yóò tú. Bí ó bá sì ṣe pàtàkì kí ẹ mọ èyí tí ó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ náà, STRING_SPLIT kò ṣèlérí ètò kankan títí ó fi di SQL Server 2022, tí ó fi enable_ordinal, tí ń fi ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn, kún un.